Ṣé aṣọ àgbà ni híjáàbù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ gbà mí o. Mo ti lé ní ogójì ọdún, Ìbàdàn ni mo ń gbé, ọjà ni mò ń tà. Ìró àti bùbá ni mò ń wọ̀ láti kékeré, màá wé gèlè, màá fi ìborùn sí èjìká. Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo híjáàbù. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o ti darúgbó ni? Àbí ìyá mi lo fẹ́ jọ?" Ìyá tèmi náà ní kí n fi sílẹ̀ dìgbà tí mo bá ti Mẹ́kà dé. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní fásitì ń lo tiẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, àmọ́ tòun ti mékọ́ọ̀pù àti ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́. Òun ló tún ń sọ pé èyí tí mo fẹ́ rà ti pẹ́ láyé jù. Ewú sì ti ń yọ níwájú orí mi. Ta ni kí n dá lóhùn nínú gbogbo wọn?

* * *

Ìyá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ibi tí wọ́n dúró sí ni ọkọ yín náà dúró sí, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ní ayé tiwọn, ìbòrí kì í ṣe aṣọ ọmọge. Oyè ni. Obìnrin á tajà, á tọ́mọ, á dá àjọ, owó á pé, ó di Mẹ́kà. Ìgbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ló tó lè fi ìborùn funfun olójú wẹ́wẹ́ bo orí gèlè, eyín góòlù á máa kọ mànà lẹ́nu rẹ̀, tẹbí tará á máa kí i ní "Àlàájà". Bí ọmọ ogún ọdún bá dán an wò, wọ́n á bi í pé bàálù wo ló gbé e lọ.

Ẹ má fojú kéré eyín góòlù yẹn. Ọ̀ṣọ́ ni. Àlàájà ayé ọjọ́un kò sọ pé òun ti fẹ̀yìn tì nínú ẹwà nígbà tó bo orí. Ó kàn kúrò nínú ẹwà ọlọ́mọge, ó bọ́ sínú ẹwà ẹni tó rí já jẹ. Nítorí náà, tí ìyá yín bá ní kí ẹ dúró, wọn kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn o. Wọ́n ń sọ pé ẹ ò tíì jẹ oyè.

Ẹ wá ṣí Àlùkùránì wò, Súrà Núúrù. Ẹsẹ 31 ló ní kí àwọn onígbàgbọ́ òdodo lóbìnrin fa ìbòrí wọn bo àyà. Kò dárúkọ Mẹ́kà, kò dárúkọ ewú. Ẹ ṣí i síwájú dé ẹsẹ 60, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àgbà wà: àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn ti lọ, tí wọn ò retí ọkọ mọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn wọn bí wọ́n bá bọ́ aṣọ ìlékè sílẹ̀ láìfi ọ̀ṣọ́ hàn. Bí wọ́n bá sì dúró lórí ìbòrí wọn, ó dára jù fún wọn.

Àgbà ni Ọlọ́hun dẹ̀ ẹ́ fún. Àwa dojú ẹ̀ délẹ̀: ọmọge á máa ṣí orí kiri, ìgbà tó bá di ìyá arúgbó tí kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́ la ó tó kó ìbòrí rù ú. Ẹni tó bá ní ẹ ò tíì dàgbà tó, òótọ́ ló sọ. Ìdí tó fi kàn yín nìyẹn.

* * *

Ẹnìkan ka ìdáhùn mi yìí, ó fèsì láti Ìlọrin pé mò ń bú àwọn ìyá wa. Ó ní gèlè tó bo irun àti ìborùn tó bo àyà ti tó, ìyókù jẹ́ pé a fẹ́ jọ Lárúbáwá. Èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Apá kan ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen ti wà l'Ékòó láti 1923, àìmọye obìnrin ló sì fi gèlè àti ìborùn kírun, tí wọ́n dáwó kọ́ mọ́sáláṣí, tí wọ́n rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. N kì í jẹ́ kí ọmọ àná fojú di wọ́n níwájú mi. Ẹsẹ 31 kò sì sọ bí aránṣọ ṣe máa gé e.

Ṣùgbọ́n aránṣọ ni mí, mo mọ ohun tó ń dé orí tábìlì mi. Gèlè tí ẹ ń gbèjà rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wé lóde báyìí. Tòde òní ga, ó le gbandi, etí méjèèjì wà níta, irun ìpàkọ́ wà níta, ọrùn bùbá ti sọ̀ kalẹ̀ débi pé ìborùn nìkan ló lè gbà á là. Ìborùn ọ̀hún ńkọ́? Ó wà nínú báàgì. Tí àfáà bá wọlé, wọ́n á yọ ọ́. Tí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, ó padà sí báàgì. Bí ẹ bá lè lo ti àwọn ìyá wa bó ṣe wà gan-an láyé ọjọ́un, ẹ lò ó, kò sí ìjà láàárín wa.

Ẹ̀gbọ́n kan tún rán wa létí àwọn ẹlẹ́hàá inú ìjọ Mùsùlùmí Bámidélé n'Íbàdàn, tí wọ́n ti ń bo ojú tipẹ́tipẹ́ kí òmìnira 1960 tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn yẹn kò dúró de ewú. Àmọ́ wọn ò pọ̀, ọmọdé àdúgbò á sì máa sá tí wọ́n bá rí wọn. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà nílẹ̀ wa ni àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn MSSN, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954. Bó ṣe ń di àwọn ọdún 1980, ọmọ á lọ fásitì tòun ti irun dídì, á fi híjáàbù wálé, ìyá á bú sẹ́kún: "Ta ló máa fẹ́ ọ báyìí?" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tó sunkún yẹn, ọmọ ọ̀hún náà ló padà kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi píìnì sí i. Nígbà tí ẹ bá ń rò pé ọmọ yín ń kọ́ yín, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Kì í ṣe ilé yín ló ti bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ó yá, ọkọ.

"Ìyá mi lo fẹ́ jọ?" Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu oníbàárà tó wá gba aṣọ, tó tún ní kó ṣì wà lọ́dọ̀ mi ná. Àwọn ọkùnrin yìí ò parọ́. Orí ìyá wọn ni ojú wọn ti kọ́kọ́ mọ ìbòrí, orí ẹni tó ti bímọ tán, tó ti tọ́jú ọmọ-ọmọ. Bí ẹ bá gbé e wọlé, ọjọ́ orí ni wọ́n máa rí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá a fà á, irú èwo lẹ fi hàn án? N ò ní í jìnnà sí òótọ́ bí mo bá ní dúdú ni. Dúdú kirikiri, pọ́lísítà tó ń dán, ó fún mọ́ àgbọ̀n, fìlà abẹ́ rẹ̀ ti bo ìdajì iwájú orí. Ẹ fi ìyẹn sórí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, òun náà á di ìyá àgbà.

Ta ló sọ pé dúdú ni dandan? Nínú ìwé hádíìsì Sahih al-Bukhari, ìyá wa Áíṣà ròyìn obìnrin kan tó wá fẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sùn nílé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ìbòrí aláwọ̀ ewé ló wà lórí obìnrin náà. Aláwọ̀ ewé, ní Mẹ̀dínà! Kò sẹ́ni tó ní kó lọ pààrọ̀ ẹ̀.

Ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, àwọ̀ wáìnì, àwọ̀ ilẹ̀ pupa, àwọn wọ̀nyí máa ń gbé ojú obìnrin adúláwọ̀ tó ti lé lógójì yọ. Dúdú àti àwọ̀ eérú ló máa ń fa ojú wálẹ̀. Ní ti irú aṣọ, ṣífọ́ọ̀nù dára nínú fọ́tò, àmọ́ ó ń yọ̀, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn ń rí inú. Ẹni tó ń tajà, tó ń bẹ̀rẹ̀, tó ń dìde, kò lè máa fi ọwọ́ kan di ìbòrí mú kó máa fi ìkejì ka owó. Jẹ́sì kì í yọ̀ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú ooru. Àárín méjèèjì ni kírépù wà, òun ni mo máa ń ní kí wọ́n rà. Etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ pin síbi tó fẹ̀ jù lára yín. Kò sì gbọdọ̀ fún mọ́ àgbọ̀n, torí ibẹ̀ ló ti ń ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yọ sì ni ọkọ yín ń pè ní ìyá òun. Ẹ wò ó wò nínú dígí pẹ̀lú ojú tí ẹ fọ̀ mọ́, kì í ṣe pẹ̀lú pọ́dà.

Ti oòrùn ọjà, ẹ̀yin alára mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi abáyà dúdú tajà ní Gbági ní ọ̀sán oṣù kẹta, ẹ bi í bóyá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n ò ní gbójú fò. Híjáàbù kì í ṣe aṣọ inú yàrá. Níwájú ọkọ, ẹ tú irun sílẹ̀, ẹ lé tìróò, ẹ fi làálì sẹ́sẹ̀, ẹ wọ ohun tó bá wù yín. Òdì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe: ìta la ń ṣọ̀ṣọ́ fún, tí a bá délé, ìró tó ti ṣá àti fìlà oorun tó ti ya ló kù fún bàbá. Tí ìta náà bá wá di híjáàbù, bàbá á máa wò ó pé ibo lòun tún ti fẹ́ rí ìyàwó òun. Ìbẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ arúgbó ló kàn fi bò ó.

Bó bá sì tún pe ẹni tó lé lógójì ní arúgbó, ẹ bi í nípa ìyá wa Khadija. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù ní ẹni ogójì ọdún ni, opó, oníṣòwò ńlá, nígbà tí Ànábì fẹ́ ẹ ní ọmọ ọdún 25. Kò sì fẹ́ obìnrin mìíràn lé e títí Khadija fi kú.

* * *

Mo mọ̀ pé wọ́n máa bú mi fún ọ̀rọ̀ inú yàrá yẹn. Wọ́n ti bú mi. Arábìnrin kan bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ obìnrin nìkan ni wọ́n ń bi pé ṣé ó ti gbó, nígbà tó jẹ́ pé ikùn ọkọ tòun ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ó pẹ́.

N ò rí èsì fún un. Ewú orí ọkùnrin, iyì ni. Ti orí obìnrin, wọ́n á ní kò tọ́jú ara. "Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà": irùngbọ̀n jẹ́ tọkùnrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n n ò rí i níbẹ̀ pé ewú náà jẹ́ tiwọn nìkan. Kí n tún fi kan kún un: kí ẹsẹ 31 tó bá obìnrin sọ̀rọ̀ ìbòrí, ẹsẹ 30 ti kọ́kọ́ sọ fún ọkùnrin pé kó rẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Wáàsí mélòó lẹ ti gbọ́ lórí 30?

* * *

Ewú wá ńkọ́? Èyí ló mú ariwo wá jù, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn kan péré ni ìyá yìí sọ nípa rẹ̀.

Àwọn kan ní kó fi sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí híjáàbù á bò ó, ta ló máa rí i? Àwọn kan ní kó kun ún dúdú kíákíá. Àwọn kan gbé hádíìsì inú Sahih Muslim wá: lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, wọ́n mú Abu Quhafa, bàbá Abu Bakr, wá sọ́dọ̀ Ànábì, irun àti irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ànábì ní kí wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún dúdú. Lórí "ẹ yẹra fún dúdú" yìí ni àwọn onímọ̀ ti pínyà. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni, àwọn kan ní kò dára bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èèwọ̀, àwọn mìíràn sì yọ̀ǹda fún obìnrin tó fẹ́ fi ṣọ̀ṣọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé èrò kan ṣoṣo ló wà, ó gé e kúrú fún yín.

Èmi kì í ṣe àfáà. Làálì ni mò ń lò. Ó ń sọ ewú di pupa bí i ti bàbà, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ pariwo ni "làálì dúdú" tí wọ́n ń tà káàkiri. Làálì gidi kì í dúdú. Pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí àwọ̀ igi ni àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá dúdú bí èédú, wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ kẹ́míkà PPD tó wà nínú dáì irun. Ó ń bó àwọ̀ ara, ó ń lé ròrò, àpá rẹ̀ lè má lọ. Mo ti rí i lọ́wọ́ ìyàwó tuntun: gbogbo òdòdó tí wọ́n yà sí i lọ́wọ́ ló wú sókè. Bí ẹ bá fẹ́ lo dáì ilé ìtajà, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sẹ́yìn etí, kí ẹ dúró fún ọjọ́ méjì gbáko, kí ẹ tó kùn ún sórí.

Àti pé híjáàbù kọ́ ló ń jẹ irun iwájú orí, bí ẹnìkan ṣe kọ síbí. Irun dídì tó le, gọ́ọ̀mù wíìgì àti gèlè tí wọ́n so bí ẹni so ẹrù ló ń jẹ ẹ́. Híjáàbù kàn ń bò ó kí ẹ má tètè rí i ni. Ohun tó jẹ́ ẹ̀bi híjáàbù ni pé kí ẹ ṣàlùwàlá, kí irun tutù, kí ẹ bò ó bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́. Ìyẹn ló ń fa òórùn àti ìhúnra. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Kí fìlà abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ sátìnì, kì í ṣe òwú tó ń fa irun.

* * *

Ọmọ yín tó ń fi mékọ́ọ̀pù lo híjáàbù.

Ìran rẹ̀ kò rí ohun tí ìyá yín rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ní Jakarta, ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, Obabiyi Aishah Ajibola, gba adé World Muslimah, ìdíje ẹwà fún obìnrin Mùsùlùmí. Miss World wà ní Bali lọ́dún yẹn, àwọn tó ṣètò ti Mùsùlùmí sì ní ìdáhùn sí i làwọn ń ṣe: wọ́n ní kí àwọn tó ń díje ké Àlùkùránì, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi ń lo híjáàbù. Lára ẹ̀bùn tó gbà ni ìrìn-àjò sí Mẹ́kà. Ẹ fi èyí han ìyá yín: híjáàbù ló gbé ọmọ yìí dé Mẹ́kà, Mẹ́kà kọ́ ló gbé e dé orí híjáàbù.

Ìdíje ẹwà fún ẹni tó bo ara: àwọn kan láyọ̀, àwọn kan ní kí la wá ń bò nígbà náà. Èmi wà láàárín. Mo mọ̀ pé ó mú kí ọmọbìnrin púpọ̀ gbà pé èèyàn lè bo orí kó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Mo tún mọ ibi tí ọjà lè gbé e dé. Ẹ wo Halima Aden, ọmọ Sòmálíà tí wọ́n bí sí àgọ́ Kakuma ní Kẹ́ńyà. Ní 2016 ó fi híjáàbù díje nínú Miss Minnesota USA, ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì rọ́ wọlé. Híjáàbù ọ̀hún wá ń kéré sí i nínú fọ́tò, débi tí wọ́n fi sòkòtò jíǹsì wé e lórí dípò ìbòrí. Ní oṣù kọkànlá 2020, ó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní ó ti ń gba ẹ̀sìn òun lọ.

Fún ọmọ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí "ojú ẹ ti pọ̀ jù". Kò ní gbọ́. Ẹ mú ohun tó ní ìdí rẹ̀ níwájú. Èékánná àlẹ̀mọ́ àti kíútẹ́ẹ̀sì kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá dé ara, ẹni tó bá ń kírun lójoojúmọ́ mọ̀ pé ìdààmú ni. Ìpéǹpéjú oní-gọ́ọ̀mù náà bẹ́ẹ̀. Fífá irun òkè ojú àti lílẹ irun mọ́ irun, hádíìsì Ibn Mas'ud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Bukhari àti Muslim sọ̀rọ̀ lé e lórí gbọnmọgbọnmọ. Àfáà yín á ṣàlàyé ibi tó mọ. Tìróò àti òróró ètè kò sí nínú ìyẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú ju mékọ́ọ̀pù lọ ni bíbó àwọ̀ ara. Ojú àti ọwọ́ nìkan ló wà níta lára ẹni tó lo híjáàbù, nítorí náà ojú àti ọwọ́ ni wọ́n ń bó. Ìka náà kì í gbà, oríkèé rẹ̀ á dúdú ṣúlẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn ọwọ́ ti di àwọ̀ ìyeyè. Mo máa ń rí i tí mo bá ń wọn apá aṣọ. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, awọ ara wọn ò ní àbùkù kankan, hídíróókúínónì, kẹ́míkà tó ń bó àwọ̀, ni wọ́n ń fi pa á.

* * *

Ẹnìkan kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù pé níbẹ̀, tí òun bá lo híjáàbù, wọ́n á máa rò pé ọmọ Sòmálíà lòun, tí òun bá wé gèlè lọ mọ́sáláṣí, àwọn obìnrin Pakistan á wá fi tìfẹ́tìfẹ́ sọ fún òun pé ọrùn òun hàn. Ó ti wá ń fi àǹkárá rán híjáàbù. Ó ní ọ̀rọ̀ parí lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

* * *

Ẹlòmíràn béèrè nípa ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá níbẹ̀. Ìbàlágà ni àwọn onímọ̀ fi ṣe ààlà. Hádíìsì Asma, ọmọ Abu Bakr, tí wọ́n máa ń kà lórí èyí, pé kí obìnrin tó ti bàlágà fi ojú àti ọwọ́ nìkan hàn, wà nínú ìwé Abu Dawud, Abu Dawud fúnra rẹ̀ sì sọ pé okùn ìròyìn rẹ̀ já. Kí ọmọdé fi lọ sí ilé-kéwú kó lè mọ́ ọn lára, ó dára. Kí ọmọ máa làágùn nínú ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, kó má lè sáré, ìyà ni. Ìyá tó ń fi híjáàbù sórí ọmọ ọdún mẹ́rin tó tún ń kun ètè rẹ̀ fún fọ́tò ọdún Iléyá, òun nìkan ló mọ ohun tó ń wá.

* * *

Ẹ ti ń gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọlé, mo sì rí ìdí rẹ̀. Lórí ilé-ìwé, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ márùn-ún sí méjì, pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba l'Ékòó. Lórí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ẹ rántí Firdaus Amasa: oṣù kejìlá 2017 ni wọn ò jẹ́ kó wọlé síbi ayẹyẹ ìgbaniwọlé àwọn lọ́yà torí híjáàbù, oṣù keje 2018 ló wọlé, wíìgì lọ́yà lórí híjáàbù. (Wíìgì nìkan tí àfáà kankan kò tíì bá jà nìyẹn.)

Àmọ́ kò sí ilé-ẹjọ́ tó lè yí ojú ẹni tó ń gbani síṣẹ́. Oníbàárà mi kan tó kàwé dáadáa wá iṣẹ́ iwájú tábìlì ní ilé-iṣẹ́ kan. Wọn ò sọ pé kò gbọdọ̀ lo híjáàbù. Wọ́n ní ẹni tó "rí bí ọ̀dọ́" làwọn fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni! Ọ̀rọ̀ ọkọ ìyá Ìbàdàn wa gẹ́lẹ́, ẹnu ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló ti jáde lọ́tẹ̀ yìí. Ó gba iṣẹ́ níbòmíràn lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ìṣirò owó, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wo ojú rẹ̀.

* * *

Ìyá Ìbàdàn ti padà wá. Wọ́n ní àwọn ka ẹsẹ 60 fún ìyá àwọn, ìyá dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ó dáa, èmi ni mo wá lè ṣí orí nìyẹn," gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ ní tòun ò tíì gbà tán, ó ní òun á kọ́kọ́ rí ti àwọ̀ aró yẹn ná. Ọmọ ti gbà láti bá wọn yan aṣọ, àmọ́ kò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìpéǹpéjú. Ẹ fi ìpéǹpéjú sílẹ̀ fún un.

Ohun tí wọ́n wá béèrè ni ti ẹgbẹ́ àsàlátù. Ẹgbẹ́ ti dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ìsọmọlórúkọ kan, léèsì ni, gèlè wà pẹ̀lú rẹ̀, ìyá yìí ò sì fẹ́ dá yàtọ̀.

Ẹ gba aṣọ náà, kí ẹ san owó yín pé, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀gàn ni. Gèlè tí wọ́n fún yín, bó bá fẹ̀ tó, aránṣọ lè tú u sílẹ̀ fi rán híjáàbù kúkúrú tó kan ìgbúnwọ́, àwọ̀ á sì bá ti ẹgbẹ́ mu. Bó bá jẹ́ èyí tó le gbandi, kò ṣeé rán, ẹ wá kírépù tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Yáàdì méjì á tó bí aṣọ náà bá fẹ̀ dáadáa. Fún ọrùn bùbá, ẹ sọ fún aránṣọ yín pé kó gé e bí ti àwọn ìyá wa. Kó sì fi aṣọ sábẹ́ apá léèsì náà, torí ojú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Kí ẹ tètè gbé e fún un o. Tí oṣù bá ti ń sún mọ́ ọdún, kò sí aránṣọ tó ń dáhùn ìpè.